Ẹja Dókítà Eyín Nílé Wignyo

Wignyo, aládùúgbò mi tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Mi ò bú u o. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Bí ẹ bá ní kó bá yín gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ sí Malang nínú òjò, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Kò sí wàhálà," ìgbà tí ẹ bá pẹ̀yìn dà tán ni yóò tó káwọ́ lérí. Ìyàwó tó fẹ́ nígbà kan, lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ jáde, dúró lẹ́nu ọ̀nà mi níbi tí mo ti ń ránṣọ, ó ní, "Àǹtí Siyem, ọkọ mi dáa. Àmọ́ gbogbo àdúgbò ló ń ṣe ọkọ fún, kì í ṣe èmi nìkan." Òótọ́ ló sọ.

Awakọ̀ ni Wignyo. Pak Darmaji (Pak ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ọkùnrin lọ́dọ̀ wa), dókítà eyín tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń wa ọkọ̀ fún, ní apá ibi tí àwọn olówó ń gbé nínú Surabaya yìí. Iṣẹ́ tó dáa ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan wà nínú ẹ̀. Bí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá dé, Pak Darmaji a máa lọ kí ẹbí rẹ̀ káàkiri, Wignyo ló sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Ọdún ìtúnu kẹ̀! Ọjọ́ tí gbogbo ọmọ Jáfà tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé ń wá ọ̀nà ilé, kó lè kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kó tọrọ àforíjì. Ìyá Wignyo ń dá gbé ní Pacitan, létí òkun apá gúúsù. Ọdọọdún ni Wignyo ń pè é lórí fóònù pé, "Ìyá, ó di àmọ́dún." Ọdọọdún ni ìyá náà ń dá a lóhùn pé, "Kò burú, ọmọ mi. Iṣẹ́ ni, mo mọ̀." Ògiri wa kò nípọn, gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́.

Ó wá ku díẹ̀ kí ààwẹ̀ tọdún yìí wọlé, Pak Darmaji ní òun ń kó lọ bá ọmọ òun obìnrin ní Makassar, òun ò sì ní padà mọ́. Ìròyìn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Wignyo di ọmọdé. Ó rí iṣẹ́ awakọ̀ mìíràn tí yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì Pacitan sílẹ̀, ó mú un wá hàn mí, ó tún gbé aṣọ aláwọ̀ ewé kan kalẹ̀ pé kí n fi rán kẹ́bàyà, bùbá àwọn obìnrin wa, fún ìyá òun.

"Ẹ má jẹ́ kó fún wọn jù o, Àǹtí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti sanra."

"Tàbí wọ́n ti gbẹ," ni mo wí.

"Ah, Àǹtí, ẹnu yín!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Àṣé ayọ̀ ọ̀hún ò ní pẹ́. Pak Darmaji pè é wọ pálọ̀ lọ́jọ́ kan. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà níbẹ̀ tó gùn ju ibùsùn mi lọ, omi òkun ló kún inú rẹ̀. Òkúta òkun wà nínú ẹ̀, iyùn tó ṣì ń mí sì lẹ̀ mọ́ òkúta, wọ́n ń mì lẹ́lẹ́ nínú omi. Ẹja kékeré kan tó pọ́n bí ọsàn, tó ní ìlà funfun lára, ló ń rìn káàkiri ibẹ̀ bí onílé.

"Wignyo," ni Pak Darmaji wí, "mi ò lè gbé èyí wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá àwọn ọmọ mi ló ra ẹja yẹn kó tó kú. Ta ni mo tún fọkàn tán? Ìwọ ni mo fún. N óò máa pè ọ́ nírọ̀lẹ́, kí o máa fi hàn mí lórí fóònù." Ó sọ ọ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Wignyo dé ilé, ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Ojú rẹ̀ ti fà ro.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi o. Mo fẹ́ sọ pé, Pak, yàrá mi kéré. Mo fẹ́ sọ pé, Pak, mò ń lọ sílé. Ohun tó jáde ni, 'Ẹ ṣé gan-an, Pak, ọlá ńlá lẹ bù fún mi.'"

"Ta ló ni ẹnu ọ̀hún ná? Ìwọ àbí òun?"

"Àgbà ni wọ́n, Àǹtí. Wọ́n sì ń sunkún."

"Òun ló kọ́kọ́ sun ún. Ó máa kàn ẹ́ láìpẹ́."

Ọjọ́ tí wọ́n máa kó àpótí ọ̀hún wá, ọ̀sẹ̀ tí ààwẹ̀ ku díẹ̀ kó wọlé ni. Pak Darmaji ti kọ́ Wignyo dáadáa. Ó ní òkúta yẹn kì í ṣe òkúta lásán o. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú kò lè rí ló kún inú ihò rẹ̀, àwọn ló ń jẹ gbogbo ẹ̀gbin tí ẹja bá ṣu sómi. Bí omi ẹ̀rọ bá kàn wọ́n, wọ́n á kú. Bí wọ́n bá ti kú, ẹ̀gbin ẹja á di májèlé fún ẹja fúnra rẹ̀. Wignyo sì ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Ó fa omi àtijọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kó lè dà á padà. Ó di iyùn sínú ọ̀rá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé ẹja sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, ó ri òkúta sínú ọpọ́n omi òkun, ó fi aṣọ tútù bò ó.

Ọkọ̀ kì í wọ àdúgbò wa. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, aṣọ sísá lókè, àgò ẹyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹnìkan bá ń kẹ́rù, a kì í dúró kó pè wá, gbogbo wa la máa tú jáde. Àwọn ọkùnrin bọ́ sídìí gíláàsì, Wignyo ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú wọn, ó ń kígbe pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ẹ wo ẹsẹ̀ yín." Àwọn obìnrin gbé ọpọ́n òkúta, wọ́n ti ṣáájú. Ẹ gbọ́, kò sọ ohunkóhun fún àwọn obìnrin yẹn. Kò sọ pé ẹ má fọwọ́ kàn án, kò sọ pé ẹ jẹ́ kó wà nínú omi. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Èèyàn jáde wá bá ọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, ìwọ á wá máa kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe é? Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbéraga nìyẹn, wọn yóò fi sọ ọ́ títí ọmọ rẹ á fi gbéyàwó.

Ìyá Ngatmi, ìyàwó olórí àdúgbò, ló ṣáájú wọn. Obìnrin tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Ó ṣí aṣọ tútù yẹn, òórùn òkun sì gbá a nímú.

"Haa! Kí lèyí? Ẹrù ilé onílé, tó ń rùn báyìí, ló fẹ́ gbé wọlé? Nígbà tí ààwẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà?"

"Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé ń fọlé!" ni ẹlòmíì dáhùn.

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti da omi òkun sínú gọ́tà. Wọ́n gbé òkúta sábẹ́ ẹ̀rọ omi, wọ́n bu ọṣẹ ìfọṣọ sí i, búrọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń yẹ̀yẹ́ ara wọn. Ohun tó jẹ́ àwọ̀ ewé lára òkúta náà bó, èyí tó jẹ́ àwọ̀ àlùkò bó, ó wá funfun báláú. Ìyá Ngatmi gbé ọ̀kan sókè, ó ní, "Ẹ wò ó! Eyín dókítà rèé!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ta ló mọ̀?

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Wignyo àti àwọn ọkùnrin yọ pẹ̀lú gíláàsì. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó rí òkúta. Àwọ̀ ara rẹ̀ yí padà.

"Wignyo, a ti bá ẹ fọ̀ ọ́ o," ni Ìyá Ngatmi wí, ọṣẹ ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ó mọ́?"

Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rín sójú. Mo fi Ọlọ́run búra, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Ó mọ́. Ẹ ti ṣe wàhálà jù."

Ó tò ó kalẹ̀ náà. Ó gbé àpótí sórí tábìlì onígi, ó fi pátákó tín-ín-rín há ẹsẹ̀ kan kó má baà dagun. Ó tẹ́ iyanrìn, ó to òkúta funfun lérí ara wọn, ó da omi àtijọ́ sí i, ó fi omi tuntun láti òkun Kenjeran kún un, ó tan ẹ̀rọ tó ń da omi yí ká. Àpótí náà gba gbogbo yàrá, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi rìn kó tó dé orí ẹní rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dára, kí n má purọ́. Àdúgbò ń wọ́ wá wòran. Wọ́n sọ ẹja náà ní Kábíyèsí.

Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí omi ìrẹsì ṣíṣàn. Iyùn súnkì, wọ́n wá ń yọ́ bí ilá tó ti kẹ̀. Kábíyèsí gbé ẹnu sójú omi, ó ń mí gule-gule. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kí Wignyo máa yọ díẹ̀ nínú omi yẹn lójoojúmọ́, kó máa fi omi òkun tuntun rọ́pò rẹ̀, títí àwọn ẹlẹ́mìí inú òkúta yóò fi tún hù padà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Láàárọ̀, tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu, ó ń gun máṣíìnì lọ sí Kenjeran, kẹ́ẹ̀gì lọ́tùn-ún, kẹ́ẹ̀gì lósì. Bí iná bá lọ, á kó sí wàhálà, á máa fi ife bu omi, á máa dà á padà kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Kò lè lọ síbi tó jìn, kò lè sùn síta. Nírọ̀lẹ́, bí a bá ti ṣínu tán, fóònù á dún.

"Wignyo! Ẹja mi ńkọ́?"

"Ó wà, Pak. Ẹ wò ó." Á gbé fóònù lọ sí igun tó dáa díẹ̀.

"Omi yẹn ò ha dúdú bí?"

"Kámẹ́rà fóònù mi ni, Pak. Kò dáa."

Mo ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, mo wọlé lọ bá a. "Wignyo, sọ òótọ́ fún dókítà."

"Ọkàn wọn á bàjẹ́, Àǹtí."

"Fún ẹlòmíì ní ẹja yìí, kí o sinmi."

"Ẹ̀bùn àgbà?"

"Ó dáa. Ní kí Ìyá Ngatmi máa bójú tó o tí o bá lọ sílé. Ṣebí òun ló fọ òkúta."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Ẹ rọra, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á mọ̀ pé àwọn ló bà á jẹ́."

"Kí wọ́n mọ̀ ọ́n!"

"Wọ́n ràn mí lọ́wọ́ ni."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ̀yin náà ẹ bi mí pé, ìwọ Siyem, kí ló dé tí o ò ní, jẹ́ kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀? Èmi náà lórí kunkun tèmi. Mo fẹ́ kó là á lẹ́nu. Bí kò bá là á lẹ́nu fún mi, ta ló fẹ́ là á fún láyé yìí? Ṣùgbọ́n tí mo bá ní, "Ṣé kò sí ohun tí o fẹ́ sọ?", á ní, "Iṣẹ́ ọdún kún ọwọ́ yín, Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ká mi lára jù. Ó ku díẹ̀ kí ọdún dé, ọmọ Ìyá Ngatmi kò rí tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì rà, ọ̀nà Pacitan ló sì fẹ́ gbà lọ sílé àwọn àna rẹ̀. Ìyá Ngatmi wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Wignyo.

"Wignyo, wọ́n ní o ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣé ìwọ máa lọ ni?"

Wignyo wo ẹja. Ó ní, "Rárá."

Rárá àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, ara rẹ̀ ló sì sọ ọ́ fún. Ó na tíkẹ́ẹ̀tì sí obìnrin náà, ó tún fi ọwọ́ méjèèjì nà án. Mo gbé kẹ́bàyà aláwọ̀ ewé yẹn sọ sórí tábìlì, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú bí mi débi pé mi ò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ààwẹ̀ ló pe ìyá rẹ̀. Ó gbé fóònù sórí tábìlì kó lè máa bu omi lọ, nítorí náà, ohùn ìyá náà dé ọ̀dọ̀ mi ketekete.

"Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò ní lè wá."

"Ta ló ń bínú? Má yọ ara ẹ lẹ́nu, jàre. Ilé ti kún! Àwọn ọmọ àbúrò mi ti dé, àwọn ọmọ wọn ń sáré kiri. Ká tiẹ̀ ní o wá, níbo lo fẹ́ sùn?" Ó rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, Ìyá."

"Jẹun dáadáa o. Kí dókítà fún mi."

Mo fetí sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ariwo ọmọ kankan. Mi ò gbọ́ ìró abọ́ tàbí ohùn ẹnikẹ́ni. Àkùkọ kan ló ń kọ níbì kan lọ́nà jíjìn. Wignyo pa fóònù, ó jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi iyọ̀.

"Àǹtí, irọ́ ni ìyá mi ń pa fún mi."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Bí èmi náà ṣe máa ń pa á nìyẹn. Ẹ̀rín yẹn, èmi gan-an ni." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún, àgbà ọkùnrin. Mo jókòó tì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, a ti kírun tán, gbogbo àdúgbò ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn. Wignyo wọlé mi. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lórí.

"Ẹ máa bá mi bọ́ ẹja, Àǹtí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Díẹ̀ ni o. Ẹ máa fi ife yọ omi, omi òkun wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kẹ́bàyà mi dà?"

Kò ní ẹ jọ̀ọ́. Kò ní ẹ má bínú. Lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí àlejò kún ilé mi! Ẹnu yà mí, mo na kẹ́bàyà sí i. Ó tẹ máṣíìnì. Ìyá Ngatmi ń pariwo láti ilé rẹ̀ pé, "Wignyo, wá jẹun!" Ó dáhùn lórí ìrìn pé, "Rárá, Ìyá, mò ń lọ sílé." Obìnrin náà dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Kábíyèsí ò kú o, kí ẹ má baà máa ronú ẹ̀. Mo bọ́ ọ, mo bu omi fún un, mo bú u bí mo ṣe ń bọ́ ọ. Àwọn àlejò mi ní kí ló dé tí ọwọ́ mi ń rùn. Èyí tó kù, Wignyo fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó dé.

Ó ní òun dé Pacitan ní ìrọ̀lẹ́. Ilé dákẹ́. Ẹní kan ló wà nílẹ̀, ìkòkò kan ló wà lórí ààrò. Ìyá rẹ̀ jókòó síta, ó kọjú sójú ọ̀nà. Wignyo dúró níwájú rẹ̀ gan-an, ó ń retí kó pariwo orúkọ òun.

Ìyá náà ní, "Ta nìyẹn?"

Wignyo rò pé ó ń ṣeré ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ẹyinjú méjèèjì ti funfun. Ìyá náà na ọwọ́, ó fọwọ́ wá ojú rẹ̀ kàn, ó fọwọ́ kan imú, ó fọwọ́ kan àgbọ̀n, ó wá ní, "Haa. O ti rù." Àṣé ó ti ní kí gbogbo ará abúlé má sọ fún un, kí iṣẹ́ ọmọ òun má baà dàrú. Wignyo kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún rẹ̀.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ ni fóònù dún. Pak Darmaji ni. Ó ti mọ́ ọn lára, ó ti gbé e kó tó rántí pé kò sí ẹja níwájú òun.

"Ẹ kú ọdún, Wignyo! Ẹja mi dà?"

"Mi ò sí nílé, Pak. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo wà."

Pak Darmaji ní, "Ìyá ẹ? Jẹ́ kí n kí wọn."

Wignyo yí fóònù sí ìyá rẹ̀. Ìyá náà tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó gbé ojú sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú ọdún, Màmá," ni Pak Darmaji wí. "Ẹ forí jì mí, èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin ni dókítà? Ẹ ṣé o, Pak. Ẹ ṣé tí ẹ yá mi ní Wignyo lọ́dún yìí." Wignyo ní kò fi ìyẹn gún ẹnikẹ́ni lára o, inú kan ló fi sọ ọ́.

Pak Darmaji rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ó ti tó ìgbà wo tó ti wá kẹ́yìn?"

"Ah, kò tíì pẹ́ púpọ̀, Pak," ni ìyá náà dáhùn. "Ojú mi ṣì ń ríran nígbà yẹn."